Èkó ń ta orin fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ó ń wó ilé tí orin náà ti wá

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó ilé kan ní Tinubu Square, ní àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó. Ọjọ́ Àìkú ni, ọdún Iléyá ku ọ̀la. Ìlú ti ń palẹ̀ mọ́ fún ìsinmi. Kí àwọn èèyàn tó ti ìsinmi ọdún dé, ilé ti di òkìtì bíríkì.

Ilojo Bar ni orúkọ ilé náà. Ìdílé Fernandez, tí wọ́n jẹ́ Àgùdà, ló kọ́ ọ ní ọ̀rúndún 19, pẹ̀lú fèrèsé alárà àti ògiri tó rí bí èyí tí wọ́n ń kọ́ ní Brazil. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ìyẹn ni pé lójú òfin, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án láìgbàṣẹ. Ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n wó o.

Ọ̀pọ̀ wa rí fọ́tò rẹ̀ lórí Twitter, a bínú fún ọjọ́ méjì, a sì bá tiwa lọ. Ohun tí a kò fi bẹ́ẹ̀ sọ nígbà náà ni pé ilé yẹn kì í ṣe ilé Àgùdà nìkan. Ní 1933, Alfred Omolona Olaiya rà á. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bàbá yìí ni Victor Olaiya, ọ̀gá àwọn tó ń fọn trọ́ńpẹ́ẹ̀tì, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí gbajúgbajà olórin haílááfù. Ilé bàbá Olaiya ló lọ yẹn o. Olaiya fúnra rẹ̀ ṣì wà láàyè lọ́jọ́ tí wọ́n wó o. Oṣù kejì ọdún 2020 ló tó jáde láyé, ní ẹni ọdún 89.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Orin Èkó ní àdírẹ́ẹ̀sì. Ó ní òpópónà, ó ní nọ́ńbà ilé, ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti kọ́kọ́ ta gìtá. A ń ta orin náà kiri ayé, Wizkid, Burna Boy àti Asake ń kún pápá ìṣeré nílẹ̀ òkèèrè, ṣùgbọ́n a ń pa àdírẹ́ẹ̀sì náà rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí a bá pa á rẹ́ tán, ẹlòmíràn ló máa sọ ìtàn wa fún wa.

Ohun tí ọkọ̀ ojú omi kó wá

Etíkun ni Èkó, ohun tí òkun bá sì gbé wá, ìlú á fi jó. Nígbà tí òwò ẹrú ń kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn Sàró ti Freetown padà wá, wọ́n tẹ̀dó sí Ọlọ́wógbowó. Àwọn Àgùdà ti Brazil àti Cuba dé, wọ́n gba apá Campos Square àti Bamgbose Street, ibi tí à ń pè ní Pópó Àgùdà. Àwọn onílẹ̀ wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, lẹ́bàá ààfin Ọba. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní orin tirẹ̀.

Ẹ mú Ọlọ́wógbowó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Tunde King ní 1910, ọmọ Sàró. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò lásán, ló ń jókòó ta gìtá tí wọ́n ń kọrin ní ìrọ̀lẹ́. Ní 1936, ilé iṣẹ́ Parlophone gba ohùn rẹ̀ sínú àwo, orúkọ tí orin náà sì ń jẹ́ ni jùjú. Àwọn àgbà olórin máa ń sọ pé láti ara ìlù kékeré olóje tí wọ́n ń jù sókè tí wọ́n ń hán ni orúkọ yẹn ti wá. Láti ibẹ̀ ni Ayinde Bakare ti bọ́ sí i, títí tó fi kan Ebenezer Obey àti King Sunny Ade. Gbogbo òde àríyá tí ìyá yín ti ná owó fún olórin, Ọlọ́wógbowó ni gbòǹgbò rẹ̀.

Àwọn Àgùdà mú ìlù onígun mẹ́rin tí à ń pè ní sáńbà wá. Ìlù yìí kan náà ni àwọn alásíkò ń lù, òun ló sì wọ inú jùjú àkọ́kọ́. Títí dòní, àwọn ọmọ Campos àti Lafiaji ṣì ń múra jáde fún Fanti Carnival wọn.

Ní àdúgbò àwọn mùsùlùmí, sákárà ló gba ìlú. Abibu Oluwa kọ ọ́ nígbà ayé àwọn bàbá ńlá wa, Lefty Salami tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà sì di ọ̀gá. Tí oṣù ààwẹ̀ bá dé, àwọn ọ̀dọ́ á máa kọ wéré kiri láti jí àwọn èèyàn sí sààrì. Inú wéré yìí ni Sikiru Ayinde Barrister ti yọ fújì jáde. Àgarawú, ní Erékùṣù yìí náà, ni wọ́n ti bí Wasiu Ayinde tí ẹ̀ ń pè ní K1.

Ẹ má sì gbàgbé ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Kàtídírà tó wà ní Marina, T. K. E. Phillips lo dùùrù láti 1914 títí di 1962. Ọdún 48! Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Fela Sowande ti kọ́ṣẹ́ kó tó di pé òyìnbó fúnra wọn ń fi orin rẹ̀ ṣeré ní Lọ́ńdọ̀n.

Láti Ọlọ́wógbowó sí Marina, sí Campos, ẹsẹ̀ lásán lẹ fi máa rìn ín. Kò tó wákàtí kan. Nínú ìrìn tí kò tó wákàtí kan yẹn, ẹ ti kọjá níwájú ibi tí jùjú, sákárà, asíkò àti orin dùùrù ti jáde. Ìlú mélòó lẹ mọ̀ tó ní irú ẹ̀?

Ẹ tún yà ní Glover Memorial Hall. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá han èèyàn ní Nàìjíríà, ní 1903. Níbẹ̀ náà ni Hubert Ogunde, nígbà tó ṣì jẹ́ ọlọ́pàá, ti gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, 1944. Eré tí wọ́n fi orin àti ijó ṣe ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo Nollywood lórí fóònù yín, ilé yẹn ni ẹ̀ ń wò.

Òru Mainland

Nígbà tó yá, fàájì kọjá afárá. Bobby Benson, tó ti Ìlú Ọba dé ní 1947, dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀, ó sì wá ṣí ilé fàájì kan sí Ikorodu Road tó pè ní Caban Bamboo. Ilé ẹ̀kọ́ ni ibẹ̀ jẹ́, ká má tàn ara wa. Eddy Okonta kọjá níbẹ̀, Roy Chicago kọjá níbẹ̀. Lónìí, ẹ wọ dánfó ní Ikorodu Road kí ẹ ní ẹ̀ ń lọ sí Caban Bamboo. Ẹ wo ojú tí kọ̀ńdọ́ máa fi wò yín.

Olaiya dá Cool Cats sílẹ̀ ní 1954. Ó ṣeré fún Ọbabìnrin Elizabeth nígbà tó wá sí Nàìjíríà ní 1956, ó tún ṣeré ní òru òmìnira ní 1960. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọrin nínú ẹgbẹ́ yẹn kó tó lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀n. Fela ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin mìíràn tí wọ́n bí sí Erékùṣù Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ orin níbẹ̀. Tony Allen ni, ẹni tó wá lu ìlù tí a fi mọ Afrobeat. Stadium Hotel ní Sùúrùlérè ni Olaiya fi ṣe ibùjókòó rẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tí 2Baba bá a tún orin Baby Jowo ṣe ní 2013, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ rò pé orin tuntun ni. Kò burú. Ó kéré tán, wọ́n gbọ́ ọ.

Ojúẹlẹ́gba tí Wizkid fi sọ orin rẹ̀ lórúkọ kò jìnnà sí ibẹ̀ rárá. Ẹni tó bá mọ Èkó mọ̀ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀.

Ilé tí ṣọ́jà jó

Ìlojo Bar kọ́ ni àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ 15 oṣù kìíní 1977, FESTAC bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ìjọba ti kọ́ National Theatre sí Ìgànmú fún un, ilé ńlá tó rí bíi fìlà ọ̀gágun. Stevie Wonder wá, Gilberto Gil wá láti Brazil. Fela kò bá wọn dá sí i. Ní Shrine rẹ̀ ló wà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àlejò sì ń yọ́ lọ síbẹ̀ lóru. FESTAC parí ní ọjọ́ 12 oṣù kejì. Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn rẹ̀, 18 oṣù kejì, àwọn ṣọ́jà ya wọ Kalakuta, ilé Fela ní Agege Motor Road. Wọ́n lu àwọn tó wà níbẹ̀, wọ́n ju ìyá rẹ̀, Funmilayo Ransome-Kuti, látojú fèrèsé, wọ́n sì dáná sun ilé. Ìyá náà kú ní oṣù kẹrin 1978.

Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní ṣọ́jà tí a kò mọ̀ ló ṣe é. Ẹbí gba ilé ẹjọ́ lọ, wọ́n ní kí ìjọba san mílíọ̀nù 25 náírà. Ẹjọ́ náà rìn títí ó fi dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní 1985. Ẹni tó bá kàwé òfin ní Nàìjíríà mọ̀ ọ́n: Ransome-Kuti àti Attorney-General of the Federation. Ìlànà kan tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló pa ẹjọ́ náà, èyí tó sọ pé ọba kò lè ṣẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a kò lè pe ìjọba lẹ́jọ́ fún irú ìpalára bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin 1979 ló wá mú ìlànà yẹn kúrò, ṣùgbọ́n ọdún 1977 ni ilé jó. Ẹbí kò rí kọ́bọ̀ gbà.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ẹjọ́ yẹn ní yunifásítì, ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé òyìnbó ló kọ́ wa pé ọba kò lè ṣẹ̀. Yorùbá kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ọba tó bá kọjá àyè rẹ̀, ìlú mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí igbá fún un.

Òfin ní ẹnu, kò ní eyín

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ilojo Bar, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ìwé òfin wa ti 1999, abala 21, sọ pé ìjọba gbọ́dọ̀ dáàbò bo àṣà ilẹ̀ wa, kó tọ́jú rẹ̀, kó sì gbé e lárugẹ. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí abala 6, ìpín 6(c). Ó ní ilé ẹjọ́ kò gbọ́dọ̀ dá sí i bí ìjọba bá ṣe é tàbí kò ṣe é. Nítorí náà, ẹ kò lè dìde lónìí kí ẹ pe gómìnà lẹ́jọ́ pé abala 21 ni kò tẹ̀ lé.

Òfin mìíràn wà tó ní agbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin 1979 tó dá àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí sílẹ̀. Àjọ yẹn lágbára láti kéde ilé kan. Ẹni tó bá ba ilé tí wọ́n kéde jẹ́, ó ti ṣẹ̀ sófin. Níbo wá ni gbèdéke wà? Ó wà nínú owó.

Ẹ fi ara yín sípò ẹbí Olaiya. Ìjọba wá ní 1956, ó ní ilé yín ti di ti gbogbo ìlú. Ẹ kò gbọ́dọ̀ tún un kọ́, ẹ kò gbọ́dọ̀ wó o, ẹ kò gbọ́dọ̀ fi páànù mìíràn rọ́pò rẹ̀ láìgbàṣẹ. Ta ni yóò san owó bíríkìlà? Ta ni yóò san owó káfíńtà? Òjò ń wọlé, igi ń jẹrà, ilé ń dẹnu kọlẹ̀, ẹbí sì sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n wó o. Láàárín kan náà, ilẹ̀ Tinubu Square ni ilẹ̀ tí àwọn oníṣòwò ń dù.

Ẹ tún fi ti ilé ẹbí kún un. Láti ìgbà ẹjọ́ Lewis àti Bankole ní 1908, lórí ilé ẹbí kan ní Èkó yìí kan náà, ni ilé ẹjọ́ ti gbà pé gbogbo ọmọ ló ni ilé ẹbí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ọmọ bá di ọmọ-ọmọ, tí wọ́n di ogójì, tí mẹ́wàá wà ní Houston, tí àwọn yòókù ń wá owó ilé ìwé ọmọ, ẹ sọ fún mi, ta ni yóò dìbò pé kí a fi ilé sílẹ̀ nítorí ìtàn?

Èmi kò sọ pé ó tọ́ kí wọ́n wó ilé náà. Kò tọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé òfin tó gba ilé lọ́wọ́ èèyàn láìfún un ní nǹkan kan, òfin yẹn ló ń wá katapílà. Tí ìjọba bá fẹ́ gba ilẹ̀ yín ṣe títì, abala 44 ní kó san owó gbà-máà-bínú. Kí ló dé tí ti ìtàn fi jẹ́ ọ̀fẹ́?

Ó ṣeé ṣe, a ti rí i

Ẹni tó bá ní kò ṣeé ṣe, kó lọ sí Broad Street. Ẹ̀wọ̀n ni ibẹ̀ nígbà àwọn òyìnbó, wọ́n ń yẹgi fún èèyàn níbẹ̀. Lónìí, Freedom Park ni. Wọ́n ṣí i ní 2010, ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn náà ni wọ́n wá fi ṣe orí ìtàgé. Ẹ lè jẹun níbẹ̀, ẹ lè gbọ́ orin níbẹ̀, owó sì ń wọlé.

Kalakuta kejì, ilé tí Fela kó lọ sí ní Ìkẹjà ní Gbemisola Street, ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láti oṣù kẹwàá 2012. Sàréè rẹ̀ wà nínú ọgbà, aṣọ àti bàtà rẹ̀ wà ní yàrá. New Afrika Shrine tí àwọn ọmọ rẹ̀ kọ́ ní 2000 ṣì ń gba èèyàn, ààrẹ Faransé Emmanuel Macron fúnra rẹ̀ lọ síbẹ̀ ní 2018. National Theatre náà, tí ó ti fẹ́ di ahoro, wọ́n ti tún un ṣe, wọ́n sì ti fi orúkọ Wole Soyinka sọ ọ́.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan. Gbogbo ibi tó yè yìí, ẹnì kan ló ń rówó níbẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀n, yàrá tí Jimi Hendrix fi gbé níwọ̀nba ìgbà díẹ̀ wà ní Brook Street lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Handel, wọ́n pa méjèèjì pọ̀, èèyàn sì ń san owó wọ ibẹ̀. Àánú kọ́ ló gba ilé yẹn là.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn máa sọ. Á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ebi ń pa wá, owó ilé ti gbówó lórí, ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ ògiri àtijọ́." Òtítọ́ ni pé Èkó ń wá ibi tí èèyàn á sùn. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ń kọ́ sí àyè àwọn ògiri wọ̀nyí, ṣé ilé tí èmi àti ẹ̀yin lè gbà ni? Ẹ sì wo oṣù kejìlá. Àwọn ọmọ wa láti òkè òkun ń wọ́ wálé fún Detty December, orin ló ń fà wọ́n. Láti pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n á gba etíkun lọ, wọ́n á ná owó nílé ìgbafẹ́ méjì mẹ́ta, wọ́n á padà. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n wá wo Ọlọ́wógbowó, torí kò sí ohun tí a máa fi hàn wọ́n.

Kí la fẹ́ ṣe?

Ohun mẹ́ta ni mo ń béèrè, kò sí èyí tó ju agbára Èkó lọ nínú wọn.

Àkọ́kọ́, kí owó tẹ̀ lé ìkéde. Ilé tí ìjọba bá kéde, kí ó dín owó ilẹ̀ tí onílé ń san kù, kí ó sì yà owó àtúnṣe sọ́tọ̀ fún un lọ́dọọdún. Kí wọ́n jẹ́ kí ẹbí fi ìsàlẹ̀ ilé ta kọfí, kí wọ́n fi òkè ṣe ibi ìtàn.

Ìkejì, kí wọ́n kọ́ ọ sára ògiri. Pátákó kò wọ́n. Kí wọ́n fi ọ̀kan sí Ọlọ́wógbowó fún Tunde King, ọ̀kan sí Àgarawú, ọ̀kan sí Ikorodu Road fún Bobby Benson, ọ̀kan sí Tinubu Square, níbi tí Ilojo Bar wà. Bí ilé bá tilẹ̀ ti lọ, kí ọmọ tó ń kọjá lọ sílé ìwé mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ìkẹta kan ẹ̀yin àti èmi. Gbogbo wa la ní fóònù tó ń ya fídíò. Àwọn bàbá tó lu ìlù fún àwọn tí mo dárúkọ wọ̀nyí ń dàgbà, wọ́n ń lọ. Ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ béèrè pé: Bàbá, òpópónà wo ni? Ilé ta ni? Ta ló ta gìtá lálẹ́ ọjọ́ yẹn? Ẹ gbà á sílẹ̀ kẹ́ ẹ gbé e síta. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ya fídíò orin, ẹ yéé háyà ilé onígíláàsì ní Lẹ́kí lójoojúmọ́. Ẹ lọ yà á ní Campos. Onílé tó bá rí i pé ògiri òun ń mówó wọlé kò ní tètè wó o.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọmọ wa, orin Èkó, ti gba orúkọ tó ń dún kárí ayé. Ilé tí a fẹ́ wò ló ń dín kù. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, nígbà tí títì bá dá, ẹ lọ rìn ní Erékùṣù, láti Ọlọ́wógbowó dé Campos. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ilé àtijọ́ tó bá ṣì wà ní ìdúró, kí ẹ kọ àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ sí abẹ́ fọ́tò náà.